Ọkùnrin Inú Ìwé Tí Mo Fọ̀ Mọ́

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń dá mi padà síbẹ̀. Kì í ṣe òórùn ẹja tó ti gbẹ, tí wọ́n ti dì sínú agbọ̀n fún ọjà. Òórùn ṣáwá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò sórí wáyà ni mò ń wí, nígbà tí omi ara rẹ̀ bá ń kán sínú iná, tí èéfín sì ń wá ọ̀nà yọ lábẹ́ páànù tí wọ́n fi bò ó. Ilé ìyanja ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Mahintedo wà létí omi gan-an. Kò ní ògiri níhà omi, nítorí náà bí o bá jókòó síbẹ̀, gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá lo máa rí, gbogbo èrò inú ọkọ̀ náà ló sì máa rí ọ. Ó ju ọdún kan lọ tí mo fi ń jókòó níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ilé-ìwé, àbí kí n kúkú sọ pé mò ń jókòó, mò ń dìde, nítorí ìdí mi kì í tíì kan bẹ́ǹṣì dáadáa tí mo fi máa ń nà ró.

O bi mí léèrè lọ́jọ́ sí, ọ̀rẹ́ mi, ìdí tí mo fi ń ka irú ìwé ìfẹ́ kan ṣoṣo: àwọn méjì tí wọ́n ti fẹ́ra, tí wọ́n ti túká, tí wọ́n tún wá pàdé. O ní kò sí èyí tí ẹni tí ìtàn dá lé lórí kì í ṣe oníwàhálà nínú wọn. Ọ̀kan ń purọ́, ọ̀kan ń mutí, ọ̀kan sá kúrò nílé. O rẹ́rìn-ín, o ní ṣé kò sí ọmọlúàbí kankan tó ń fẹ́ ìyàwó nínú ìwé tèmi ni. Mi ò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà torí pé ẹnu ọ̀nà la wà, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Jókòó, kí n sọ ọ́ fún ọ.

Èmi náà ti sá kúrò nílé rí. Awakọ̀ ojú omi ni ọkọ mi, Aráròmí là ń gbé nígbà náà, inú ilé ìyá rẹ̀. O mọ bí òkun ṣe ń ṣe wá lọ́hùn-ún: ó kó ọ̀wọ́ ilé iwájú, ó kó èyí tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ó dé ilé ìdáná ìyá ọkọ mi. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ mi ti gbé èrò lọ, mo kó ẹrù mi, mo gbé ọmọbìnrin wa tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ó di Àkúrẹ́. Mi ò dágbére fún un. Nígbà tí mo débẹ̀ ni mo pè é, mo ní ariwo òkun kì í jẹ́ kí n sùn, mo ní ọmọ ń wúkọ́. Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó lé mi nìyẹn. Ojú ló ń tì mí. Àwọn tísà ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ti òkè wá máa ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni ọkọ mi ń ṣe, èmi a sì fèsì pé iṣẹ́ ìrìnnà. Ọwọ́ rẹ̀ tí òróró ẹ́ńjìnnì ti wọ̀ lábẹ́ èékánná ni mo sá fún, kì í ṣe òkun. Mo ti sọ ọ́.

Èyí tó burú jù wà níwájú. Ọdún kejì tí mo wà ní Àkúrẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi láàárọ̀, nígbà tí a ń dúró de agogo ilé-ìwé. Ọkọ mi ló kọ ọ́: "Ara Ìyá kò yá rárá. Orúkọ rẹ ni wọ́n ń pè. Jọ̀ọ́, máa bọ̀." Ìyá ọkọ mi yìí ló wẹ ọmọ mi fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí mo bí i, tó ń sùn sórí ẹní lẹ́sẹ̀ ibùsùn mi kí n má baà dìde lóru. Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà tán, mo dojú fóònù dé orí tábìlì, agogo lù, mo sì lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ìdá. Mo mọ̀ pé bí mo bá dé Aráròmí lọ́jọ́ náà, mi ò ní lè kúrò mọ́. Ọjọ́ kẹta, ìyá kú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo tó pe ọkọ mi, mo ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ni fóònù mi wà látìgbà yẹn.

Má tíì dá mi lẹ́jọ́, tàbí kí o dá a, kò burú. Àárò rẹ̀ ló mú mi padà, kì í ṣe pé ẹ̀rí ọkàn kan ló dédé jí. Ó ń wù mí kí n gbọ́ bó ṣe máa ń súfèé bó bá ń fọ ọkọ̀. Mo wá iṣẹ́ sí Mahintedo, mo kó ọmọ mi, mo wá ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Iye, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi ti kúrò ní Aráròmí nígbà yẹn. Ojú omi tiwa ló ti ń gbé èrò, ó ń kọjá níwájú ilé ìyanja ní ìgbà mẹ́ta lójúmọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, á gúnlẹ̀, á na ọwọ́ láti inú ọkọ̀ gba ọmọ rẹ̀, á sì kí mi pé, "Ẹ káàárọ̀ o," bí ẹni kí èrò tó wọkọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ti fa ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ara mi kì í balẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi ṣú. Mo ti mọ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láàárín ogún. Bí mo bá gbọ́ ọ láti ọ̀ọ́kán, màá ti dìde, màá lọ dé bèbè, màá tún padà, màá ṣe bíi pé igi ìdáná ni mo lọ wò.

A rán àgbà sí i. Bí a ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ kì í fúnra rẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀. Iye ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, nítorí náà kí n jókòó sílé. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n lọ, Iye ló ṣáájú, àgbà méjì láti ìdílé bàbá mi tẹ̀ lé e. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé wọ́n ń yìn mí. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni mí, wọ́n ní òkun ló lé mi, wọ́n ní fóònù ló bàjẹ́, wọ́n ní iṣẹ́ èṣù ni. Gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ létí òkun wa, òkun la máa ń dì í rù, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ pé òkun kọ̀ ọ́. Ọkọ mi tẹ́tí gbọ́ wọn, ó fún wọn ní nǹkan mímu, ó ní òun kò bá mi jà, ó sì fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn padà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o."

Àsìkò yẹn ni mo rí àwọn ìwé náà. Àgùnbánirọ̀ kan tó sin ìjọba nílé-ìwé wa ló fi páálí kan sílẹ̀ nígbà tó ń lọ, ìwé ìfẹ́ ló kún inú rẹ̀, àwọn tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan sì ló pọ̀ jù. Mo mú ọ̀kan lọ sílé ìyanja kí n lè rí nǹkan tí màá máa gbójú lé yàtọ̀ sí omi. Àwọn obìnrin tó ń bá Iye yan ẹja ní kí n kà á sókè. Ẹja kò ṣeé fi sílẹ̀, o mọ̀. Bí o bá gbé e lé wáyà, o ti di ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀ nìyẹn, o ní láti máa yí i, o ní láti máa ṣọ́ iná kó má baà jó ju bó ṣe yẹ. Wọ́n ní kí n máa fi Yorùbá sọ ọ́ bí mo bá ṣe ń kà á lọ.

Ọkùnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì ni ìtàn náà dá lé. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ìyàwó ń gòkè, tirẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ìlara sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ nínú. Ó fi obìnrin náà sílẹ̀ nígbà tí bàbá obìnrin náà ń kú lọ. Obìnrin náà pè é, ọkùnrin yìí rí i pé fóònù ń dún, ó sì dojú rẹ̀ dé. Ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí mo dé ojú ìwé yẹn, mo pa ìwé dé, mo lọ mu omi. Nígbà tí mo padà, mo fọ ọkùnrin náà mọ́. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Lẹ́nu mi, kò jowú ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ló wá lọ sí ìlú mìíràn kó lè tọ́jú ìyàwó rẹ̀. Fóònù rẹ̀ sọnù lọ́nà. Mo sọ fún ara mi pé ará ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn obìnrin wọ̀nyí, wọn ò ní fẹ́ gbọ́ ti ọ̀dájú. Irọ́ ni. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Wọn ò fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kan ti ń tòògbé, ọ̀kan ń kọrin lábẹ́ ètè. Obìnrin opó kan wà láàárín wọn tí ẹnu rẹ̀ mú bí ìwọ̀ ẹja, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àǹtí tísà, kí ni ọkùnrin yìí ṣe?"

Mo ní, "Ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀."

"Ó wáṣẹ́ lọ ni, o sọ ọ́ fún wa. Fóònù sì sọnù. Kí ló wá ń kúnlẹ̀ fún láti àná? Ó ń da obìnrin náà láàmú lásán ni."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Iye kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń wò mí tipẹ́, amọ̀ṣọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, igi gígùn tó fi ń yí ẹja. Ó ní, "Ojú rẹ ń yára ju ẹnu rẹ lọ. O ń fo nǹkan."

Obìnrin tí kò mọ̀wé kà ti mú mi níbi ìwé. Mo ṣí i padà, mo sì kà á bó ṣe wà: ìlara, irọ́, ọ̀rọ̀ burúkú tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ níwájú àlejò. Ẹni tó ń tòògbé la ojú. Opó yìí pòṣé, ó ní ìkà ni, ó ní kí omi gbé e lọ, nígbà tí mo sì dákẹ́ díẹ̀ ó ní, "Kí lo dákẹ́ sí? Kà á lọ." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ àdúgbò ni. Ọ̀kan ní kí obìnrin náà má gbà á padà láéláé, ìkejì ní kó kọ́kọ́ jìyà ná. Mo ní mo ṣebí wọn ò ní fẹ́ gbọ́ nípa irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Opó náà wò mí bí ẹni wo òmùgọ̀. Ó ní, "Ọkọ tèmi tó kú, alágídí ni, ó sì ń mutí. Bí ẹnì kan bá wá ròyìn rẹ̀ fún mi pé kò lábùkù, mi ò ní mọ ẹni tó ń sọ. Ẹni tí mo sunkún fún, mo mọ̀ ọ́n." Ẹja apá kan jóná lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó bínú.

Mo wá dé ojú ìwé tí fóònù wà. Mo ka ìlà kan, mo tún un kà. Mo pa ìwé dé mọ́ ìka mi. Iye ní kí ló dé, mo sì sọ ọ́, bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí: yàrá àwọn tísà, tábìlì, agogo. Mo rò pé Iye máa fà mí mọ́ra. Ó gbé amọ̀ṣọ́ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jókòó níwájú ọmọkùnrin yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi irun funfun mi búra pé fóònù rẹ bàjẹ́. Nítorí náà ni kò ṣe rí nǹkan kan sọ. Kí ló fẹ́ dárí rẹ̀ jì ọ́? Òkun?"

Mo kúnlẹ̀. Kò wò mí. Ó ní, "Mi ò bá ọ lọ mọ́. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ."

Ọjọ́ méjì ni mo fi rìn káàkiri ilé-ìwé bí adìyẹ tó ń wá ibi yé ẹyin. Mo ń kọ nǹkan sí pátákó, mo ń nù ún kí àwọn ọmọ tó dà á kọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, mo lọ dúró ní ìdíkọ̀ bí àwọn èrò yòókù. Ọkọ mi rí mi, ó ní, "Ẹ wọlé," mo sì wọlé. Àwa mẹ́fà ni. Nígbà tí a dé ìlú Oríòkè-Ìwàmímọ́, gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, èmi ò sọ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní ibi tí ọkọ̀ dé dúró nìyẹn. Mo ní mo mọ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pariwo pé, "Jókòó! Ṣé o fẹ́ dà wá sómi ni?" Mo yáa jókòó.

Mo ní, "Dádì, fóònù mi kò bàjẹ́. Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo kà á, mo sì dojú rẹ̀ dé. Òkun kọ́ ló lé mi kúrò nílé. Ojú yín ló ń tì mí lọ́dọ̀ àwọn tísà."

Mo ti ká etí ìró mi, mo ti tú u, mo ti tún un ká. Ó ń wo omi.

"Wọ́n ń béèrè rẹ," ló wí. "Mo sọ fún wọn pé o ti wà lọ́nà. Wọ́n ní ká má ti fèrèsé, kí àwọn lè gbọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta. Látìgbà náà ni mo ti ń rò ó pé bóyá irọ́ ni mo pa fún ìyá mi, bóyá òótọ́ ni."

Mo ní, "Irọ́ ni. Èmi ni mo sọ ọ́ di irọ́."

Ó yíjú sí mi nígbà náà, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Inú ń bí mi sí ọ. Inú ń bí mi gan-an." Lẹ́yìn náà ni omi dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Èmi náà ń sunkún. O lè rò pé ẹ̀rù bà mí, àmọ́ nǹkan kan tú sílẹ̀ láyà mi lọ́jọ́ náà, torí pé ẹni tí inú ń bí sí mi ti mọ̀ mí báyìí. Ó gbé mi padà, ó na ọwọ́ fún mi kí n lè gòkè, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi kí mi rárá. Kò sí "ẹ káàárọ̀" mọ́, kò sí nǹkan kan. Mo rù. Mi ò lè kàwé, mi ò lè jẹun, bí ẹ́ńjìnnì bá dún, èékánná ni mò ń jẹ. Ní Sátidé kẹta, ó gbé ọmọ dé, kò sì yíjú ọkọ̀ padà. Ó so okùn mọ́ òpó, ó gòkè wá, ó kí Iye, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Iye gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja síwájú rẹ̀. Bó ṣe ń jẹun ló ń bi mí ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú gbogbo wọn: ọjọ́ wo ni, aago mélòó ni, kí ni mo wá lọ kọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn tí mo kà á? Mo ní ìdá. Ó mirí, ó tún bu òkèlè. A jà títí ọ̀sán fi rọlẹ̀. Ó padà wá ní ọjọ́ kejì, a tún jà. Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ó wá kó wa. Kì í ṣe pé ó ti tán nínú rẹ̀; ó ní ó sú òun kí òun máa wakọ̀ wá jà.

Nítorí náà, bí o bá rí ìwé wọ̀nyẹn lọ́wọ́ mi, má rò pé ibi ìparí ni mò ń sáré lọ, níbi tí wọ́n ti ń dì mọ́ra nínú òjò. Mo máa ń pa á dé kí n tó débẹ̀ nígbà mìíràn. Ibi tí èèyàn ti ń la ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, láìsí alágbàsọ, ni mò ń wá. Bí ẹni tí ìtàn dá lé lórí bá mọ́ jù, ọkàn mi kì í dúró tì í, màá máa wò ó pé nǹkan kan ni ẹni tó kọ ọ́ ń fò. Mo mọ̀ ọ́n fò ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ wa, tó ti ń lọ sí ilé-ìwé gíga báyìí, dédé bi mí níbi tí mo ti ń gé ẹ̀fọ́ pé kí ló mú kí àwa méjì gbé ní Àkúrẹ́ láìsí bàbá òun. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ́ bàtà, mo sì rí i tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan láti gbọ́ èyí tí màá sọ. Mo ní, "Èmi ni mo ṣẹ̀ wọ́n." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dé orí ìyá tó ń retí mi. Ọmọ náà wò mí fún ìgbà pípẹ́, ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí, lẹ́yìn náà ló bi bàbá rẹ̀ léèrè pé ṣé wọ́n ti dárí jì mí.

Ó bọ́ bàtà kejì, ó gbé e ti ògiri. Ó ní, "Ó ku díẹ̀." Ó sì wá jókòó tì mí, ó bá mi gé ẹ̀fọ́.